Èbù Tí Wọ́n Gé Lára Oyèlárán

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Monica jẹ́, ẹ má ṣe bi àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tí ó ń kọ́ ní Emùré-Ilé, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń sunkún bí ọlidé bá dé. Veronica àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ bi. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí ní Ìpele. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, síbẹ̀ láti ọjọ́ tí Veronica ti mọ̀ ọ́n rìn ni ojú Monica kò ti kúrò lára ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò bu ẹran fún àwọn méjèèjì, ẹran yóò sì dọ́gba, àfi ìgbà tí Veronica bá ti tẹnu bọ tirẹ̀ ni Monica yóò tó rí i pé tòun ni ó kéré. Nígbà tí bàbá wọn rán Veronica lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ní kí Monica lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, Monica kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e mì ni. Ohun tí a bá gbé mì láìjẹ lẹ́nu, inú ni í máa ń run ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni ó ní tí Veronica kò tètè ní, ìyẹn ni ọmọkùnrin. Ó ti bí Oyèlárán, ó sì ti bí Ambrose, kí Veronica tó bí Sylvanus. Ní ọdún 1984, Ambrose jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ki, ó yọ gọ́ńgọ́ bí ti àgbà ọkùnrin, gbogbo ẹni tí ó bá sì rí i ni ó ń pariwo pé, "Agbábọ́ọ̀lù dé!" Bí Veronica bá wá kí wọn láti Ọ̀wọ̀, Monica yóò pe ọmọ náà jáde, yóò ní kí ó yí ẹ̀yìn padà kí àǹtí rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Veronica yóò wò ó, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rọra fa Sylvanus tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ra. Ó wù ú, Monica sì rí i pé ó wù ú. Ọjọ́ ayọ̀ ni àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ fún un, kí Ọlọ́run foríjì í.

Àṣé àìsàn ni wọ́n ń kan sáárá sí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Bí ó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, yóò fi ọwọ́ ti orúnkún, yóò fi ọwọ́ ti itan, yóò máa gun ara rẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Monica rò pé ọ̀lẹ ni, ó tilẹ̀ ti nà án lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, dókítà ní ẹran ara rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé kíki tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ki kì í ṣe agbára, ọ̀rá ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń mú, àmọ́ kì í mú gbogbo wọn. Ó fo Oyèlárán, ó mú Ambrose.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Sylvanus náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti orúnkún. Veronica sáré wá sí Emùré-Ilé, ó wó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jọ sunkún títí. Omijé Monica kì í ṣe omijé àgàbàgebè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: ó fúyẹ́ lára rẹ̀. Òun nìkan kọ́ mọ́. Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn jù lọ láyé wọn. Wọ́n jọ ń fi epo gbígbóná ra ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n jọ ń gba nófénà, àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án ti àwọn Àgùdà, bí ọ̀kan bá sè, yóò bù fún èkejì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Wọn kò mọ̀ pé ìyà tó dọ́gba ni ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ó yá, Akínwọlé, ọkọ Veronica, tí ó ń kọ́ni ní Pólì Ọ̀wọ̀, rí ààyè lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà. Ó wálé fún Kérésìmesì ọdún 1991, ó sì mú ìròyìn kan bọ̀. Ó ní àwọn dókítà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dán nǹkan wò lára àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn yìí. Wọ́n á gé ẹran bíńtín ní itan ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn hóró tí ojú lásán kò lè rí tí ẹran ara fi ń hù, wọ́n á máa fún wọn lóúnjẹ nínú àwo gíláàsì títí wọn yóò fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún wọn sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, bóyá ẹran tuntun á hù níbẹ̀. Ó ní kò tí ì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá yóò jẹ́.

"Èbù nìyẹn," ni Ignatius ọkọ Monica wí, ẹni tí ó ń dá oko iṣu àti kòkó ní Òkelúsè. "Wọ́n gé èbù lára iṣu tó yè, wọ́n lọ gbìn ín sí ebè tí kò so."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pè é ní èbù láti ọjọ́ náà. Monica nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹran tuntun nìkan ni etí rẹ̀ gbọ́. Akínwọlé ní òun yóò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn ọmọ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ bí ọkàn àwọn ọmọ náà ti rí ná, nítorí àìsàn yìí kì í jẹ ẹsẹ̀ nìkan, bí ó bá pẹ́ á máa jẹ ẹran ọkàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1992, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tẹ nǹkan mọ́ wọn láyà, ó wo ọkàn wọn nínú ẹ̀rọ. Ti Sylvanus dára. Ti Ambrose ti wú, kò fi gbogbo agbára tu ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Dókítà ní ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá ti rí báyìí, wọn kò ní gbà á. Monica ní ṣebí kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà sí ọkàn fún un. Dókítà mi orí. Ó ní ọkàn kì í ṣe ẹsẹ̀ o, inú ọkàn eku ni wọ́n ṣì ti ń dán ìyẹn wò. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Monica ti dìde, ó ti fi ìbínú jáde, ó fi Ambrose sílẹ̀ lórí àga arọ rẹ̀ níwájú dókítà.

Kí ó tó jáde, ó ti rí Veronica. Veronica kò rẹ́rìn-ín, ó kàn wolẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ di èjìká Sylvanus mú, ó dì í mú bí ẹni tí ó rí àyè jókòó nínú ọkọ̀ tó ń lọ, tí ó mọ̀ pé àyè ti tán. Ọwọ́ yẹn ni Monica kò lè gbàgbé. Títí wọ́n fi dé Ọ̀wọ̀, Sylvanus sùn lé Monica lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ bí àyà ọmọ náà ti ń lù kì, kì, kì, ó sì ń jowú ọkàn ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ kò tí ì tán. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Máàsì, Veronica àti ọkọ rẹ̀ wá sí Emùré-Ilé. Ìkúnlẹ̀ ni Veronica fi wọlé, Akínwọlé sì dọ̀bálẹ̀. Monica mọ̀ pé ẹni tó bá kí ni tó báyìí, nǹkan ló fẹ́ gbà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Akínwọlé wí, "wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò níbẹ̀. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọn ò sì ní gba ẹran lára mi. Ìyá Sylvanus náà ò ṣeé lò, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìsàn náà gbà wá. Ọkùnrin tó jẹ́ ẹbí tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ń fẹ́."

"Oyèlárán," ni Monica wí.

"Ẹran tí wọ́n máa gé kò tó nǹkan, ẹ̀gbọ́n," ni Veronica wí lórí ìkúnlẹ̀. "Á jinná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ìyá wa wò mí."

"Ùwọ Veronica!" Monica kò mọ ìgbà tí ó bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi tọ́ wọn. "Ùwọ lo mú ọmọ mi lọ Ìbàdàn, kí wọ́n lè sọ fún mi pé kò wúlò. O wá padà wá ulé mi, o tún fẹ́ gbé èyí tó kù! Ṣé èmi ni mo ń bí wọn, kí ùwọ máa ṣà wọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe jẹ́? Ẹran ara ọmọ mi yóò máa rìn nínú ẹsẹ̀ ọmọ tìrẹ, Ambrose yóò sì jókòó níbí máa wò ó. Ṣé o lè ṣe é fún mi? Dá mi lóhùn!"

Bóyá bí Veronica bá ti purọ́ pé òun lè ṣe é, ọ̀rọ̀ ìbá rọ̀. Monica pe Oyèlárán jáde nínú yàrá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó wà ní Pólì, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Níwájú bàbá rẹ̀, níwájú gbogbo wọn, Monica ṣí àyà rẹ̀, ó di ọmú rẹ̀ méjèèjì mú.

"Wò ó dáadáa," ni ó wí. "Bí o bá jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ara rẹ nítorí ọmọ Veronica, ọmú tí o mu lóókan àyà mi yìí kò ní gbè ọ́. Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí ọ kò ní gbè ọ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá kì í sọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́ rárá. Ignatius fi ọwọ́ bo ojú. Veronica dìde lórí ìkúnlẹ̀ láìgbọn ekuru aṣọ rẹ̀, ó jáde.

Oyèlárán kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń bọ̀, ó ń gbé Ambrose lọ wẹ̀, àwọn méjèèjì a sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá wọn. Lẹ́yìn Àjíǹde, Monica ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Ignatius lójúde, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Ó ti lọ," ni Ignatius wí. "Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́."

Kí ni Monica kò sọ tán ní ọjọ́ náà! Ó ní Veronica ti fi Amẹ́ríkà dẹ òun lọ́mọ lọ. Ó ní olè ni. Nígbà tí Veronica wá dágbére kí òun àti Sylvanus tó wọkọ̀ òfurufú, Monica ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò ṣí i. Kò sì dá ọ̀rọ̀ ọmú náà padà. Wọ́n gé èbù náà lára Oyèlárán, egbò rẹ̀ sì jinná. Ṣùgbọ́n ó dúró sí Amẹ́ríkà, ó ń kàwé, nítorí ojú ìyá rẹ̀ ń bà á lẹ́rù.

Ìlara wá di oúnjẹ Monica. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fádà ń dárúkọ Sylvanus kí ìjọ gbàdúrà fún un, kò rántí dárúkọ Ambrose, nítorí ẹni tí a kò retí kí ó sàn, ta ni yóò máa gbàdúrà ìwòsàn lé e lórí? Ìròyìn ń ti ẹnu dé ẹnu. Wọ́n ní wọ́n ti gún un. Wọ́n ní ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọ̀wọ̀ tilẹ̀ búra pé Sylvanus ń gbá bọ́ọ̀lù. Monica ní, "Ọlọ́run ṣeun," ó rẹ́rìn-ín, ó délé, kò lè jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà kan tí kò sọ fún fádà, àní nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ níwájú Màríà Wúńdíá, ó ń ní kí ẹsẹ̀ ọmọ náà má ṣe gbéra. Kò ní kí ó kú o. Kí ó ṣáà má rìn. Kí ó dọ́gba.

Ambrose kò mọ̀ nípa àdúrà yìí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́ nítorí èémí. Wọ́n ń fi ìrọ̀rí gbé e ró ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wú, ó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà lọ gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994, ó ní kí wọ́n gbé òun sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn aládùúgbò, pé òun fẹ́ wo ojú àwọn tó ń wòran, bóyá òun á rí Sylvanus lórí ìdúró. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Monica ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Veronica àti àwọn ará ilé rẹ̀ padà dé Ọ̀wọ̀. Ìgbà ọdún Ìgogò, tí gèlè jẹ́ èèwọ̀ fún obìnrin, ni, Monica kò wé gèlè, gbogbo obìnrin Ọ̀wọ̀ kò wé gèlè. Kò sẹ́ni tó pè é, òun ló gbé ara rẹ̀ lọ. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ilé Akínwọlé láti rí ẹsẹ̀ ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí òun. Ọkọ̀ dé. Ilẹ̀kùn ṣí. Veronica sọ̀ kalẹ̀, ó ti rù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀, Monica sì rò pé òun yóò kú níbi tí òun dúró sí. Akínwọlé wá yí lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà pọ̀n. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro.

Kò rìn! Ayọ̀ bú jáde lára Monica, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Wọ́n ní inú kì í dùn ká pa á mọ́ra, kí ó sì tó mọ̀, ó ti jáde lábẹ́ igi, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. Veronica yíjú, ó sì rí ẹ̀rín náà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ni Veronica wí. Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn èèyàn á sọ pé ọmú yín ló dè é. Ẹ má gbọ́ o. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ṣe é fún, kò sí ọ̀kan tó rìn. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún wọn sínú. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Monica bínú, nítorí ó ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ òun ní agbára. Ó ní, "Ó dáa," ó yí padà, ó wá ọkọ̀ lọ sí Emùré-Ilé. Síbẹ̀ ayọ̀ náà bá a wọkọ̀, kò bọ́ nílẹ̀.

Ambrose jókòó sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti ń wo ọ̀nà.

"Màámi, ṣé ó rìn?"

"Kò rìn o." Monica fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́ tó. "Bó ṣe lọ ló ṣe bọ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbé e pọ̀n."

"Kò lè mi ẹsẹ̀ rárá? Àní ìka ẹsẹ̀?"

"Èbù náà kú sínú ebè. Ti gbogbo wọn ló kú."

Àyà Ambrose ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò wo ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí Bọ̀dá Oyèlárán lọ," ni ó wí. "Ó ní òun ò lè kọjá ọ̀rọ̀ ọmú yín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sunkún fún un."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ti jáde lọ́jọ́ yẹn ní Ìbàdàn, ẹ ò gbọ́ èyí tí dókítà sọ kẹ́yìn. Ó ní bó bá jẹ́ lẹ́sẹ̀, ọkàn ló kàn tí wọ́n máa dán an wò. Ni mo ṣe ní kí bọ̀dá mi lọ bá mi gbìn ín sí ẹsẹ̀ Sylvanus ná. Bí tirẹ̀ bá hù, á wá kàn mí."

Monica wá ibi jókòó, kò rí, ó jókòó sílẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ni ó ti ń kúnlẹ̀ níwájú Màríà, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹsẹ̀ Sylvanus má gbéra. Ọmọ tirẹ̀ ni ó ń gba àdúrà náà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, tí ọmọ náà sì ń jókòó sí ojú fèrèsé, tí ó ń retí.

"Màámi," ni Ambrose wí lẹ́yìn tí èémí rẹ̀ padà, "ó máa dun Sylvanus gan-an. Kí ló sọ nígbà tí ẹ kí i?"

Monica kò kí Sylvanus, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.